Anode silicon tí kì í pẹ́ bàjẹ́: gọ́ọ̀mù ni àbí omi bátìrì?

Tísà_Kẹ́mísìrì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Anode bátìrì lithium là ń ṣe, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ negative tó ń gba lithium mọ́ra nígbà tí a bá ń ṣáàjì. Silicon 60%, carbon black (èédú lẹ́búlẹ́bú tó ń gbé iná) 20%, PVDF (gọ́ọ̀mù tó so wọ́n pọ̀) 20% ni àdàlù náà. NMP, kẹ́míkà olómi tó ń yọ́ PVDF, la fi pò ó, a tẹ́ ẹ sórí bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a dì í sínú CR2032 (bátìrì kékeré bí owó ẹyọ), lithium wà ní òdìkejì. Hóró silicon jẹ́ 1 sí 5 micron. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2,900 mAh/g (ìwọ̀n iná tí gíráàmù kan ń gbà); kó tó di ṣáàjì 20, kò tó 600 mọ́. Tí a bá tú u, anode ń bó lára bàbà bí ọ̀dà ògiri tó gbó. Kí ni ká kọ́kọ́ yí padà?

Atúbátìrì: PVDF yẹn ni kẹ́ ẹ sọ nù. Graphite tó gba lithium yó kì í wú ju nǹkan bí 10% lọ. Silicon ńkọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin ara rẹ̀. PVDF kàn fara tì í lóréfèé ni. Bí silicon bá ti wú tó tún súnkì, ó já, hóró tí iná ò bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ ti kú nìyẹn. Ẹ pa PAA àti CMC, gọ́ọ̀mù méjì mìíràn, pọ̀, omi lásán lẹ ó fi pò ó. Tó bá gbẹ, ẹ yan án ní 150 °C fún wákàtí 2 kí àwọn méjèèjì lè so kọ́ra. Ẹ fa afẹ́fẹ́ inú ààrò náà jáde o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bàbà á dúdú.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ: Gọ́ọ̀mù nìkan kọ́. Hóró yẹn tóbi jù. Èyí tí kò bá tó 150 nm (0.15 micron) kì í sán nígbà tó bá kọ́kọ́ wú. Àmọ́ bó ṣe ń kéré ni ojú ara rẹ̀ ń pọ̀ fún omi bátìrì láti jẹ. Èépá SEI tó bò ó ń ya nígbàkúùgbà tó bá wú, òmíràn á hù, lithium ló sì fi ń hù. Ẹ fi FEC 10%, èròjà tó ń mú èépá yẹn lágbára sí i, sí omi bátìrì. FEC náà ń tán o, tó bá sì tán, agbára á já lulẹ̀ lójijì. Ẹ má sì jẹ́ kí folti wọ abẹ́ 50 mV, kí Li₁₅Si₄, kírísítálì lithium àti silicon, má baà dì.

Ìyá_Lábù: Lithium òdìkejì yẹn pọ̀ bí omi odò, ó ń bo àdánù mọ́lẹ̀. Nínú bátìrì gidi, tí ṣáàjì kọ̀ọ̀kan bá ń dá 99.5% lithium padà, 61% ló máa kù lẹ́yìn ṣáàjì 100. Tó bá jẹ́ 99.9%, 90% ni. Iye yẹn ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́, ẹ fi mAh/g sílẹ̀ ná.

Tísà_Kẹ́mísìrì: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ká dín carbon black kù sí 10% lẹ́ẹ̀kan náà?

Atúbátìrì: Rárá o. Gọ́ọ̀mù ni kẹ́ ẹ yí lákọ̀ọ́kọ́, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.