Ẹ̀yin olùdámọ̀ràn tó ti gba ọmọ iṣẹ́, báwo ló ṣe rí?

Dókítà Tí Kì í Ṣe Dókítà

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn olóko adìẹ ẹlẹ́yin ṣírò oúnjẹ tí wọ́n ń pò, láti Ìbàdàn títí dé Ìwó. (Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ bàtà òjò wọ ọgbà adìẹ, dókítà ni lójú wọn. Mo ti ṣàlàyé títí, ó ti sú mi.) Oúnjẹ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí olóko ń ná, nítorí náà bí àgbàdo bá ti gbówó lórí, fóònù mi kì í sinmi. Nígbà tí apá mi ò ká a mọ́, mo gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kàwé nípa ẹran ọ̀sìn. Ọmọ náà mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n oko àkọ́kọ́ tí mo rán an lọ, Alhaja tó ni ín pè mí lójú ẹsẹ̀: "Dókítà, ẹ̀yin ni mo bẹ̀ níṣẹ́ o, mi ò bẹ ọmọ iléèwé."

Mi ò bá wọn jiyàn. Nígbà tó kàn, àwa méjèèjì la jọ lọ, mo sì ní kí ó máa dáhùn. Alhaja béèrè bóyá àwọn lè fi èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ rọ́pò díẹ̀ lára àgbàdo. Ọmọ náà ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n purotéènì inú rẹ̀ kò tó ti àgbàdo, sóyà gbọ́dọ̀ lé díẹ̀; pupa ẹyin á sì máa funfun, torí àgbàdo pupa ló ń fún un láwọ̀, àwọn oníbàárà ọjà á sì pariwo. Mo dákẹ́ jẹ́ẹ́. Alhaja wò mí, wọ́n wò ó. Láti ọjọ́ náà, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè. Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní tàn yín.

Wíwọn adìẹ, wíwọn ẹyin, yíyẹ oúnjẹ tó ṣẹ́kù wò, gbogbo ìyẹn ti di tirẹ̀. Ìṣirò oúnjẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi, pàápàá kálísíọ́ọ̀mù, èyí tó ń mú èèpo ẹyin le: adìẹ tó ń yé ń fẹ́ bíi 3.5 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún èyí tí kò tíì yé ní bẹ́ẹ̀, ẹ fẹ́ ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

Owó ló yọ mí lẹ́nu jù. Nígbà tí mo ń gbowó lórí àbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, ìdajì ni wọ́n fẹ́ san bó bá jẹ́ òun ló wá. Mo wá sọ ọ́ di oṣooṣù, iye adìẹ tí wọ́n ní la fi ń ṣírò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún ń béèrè ta ló ń bọ̀.

Akọ̀wé Owó

Ìwé ìjọba ló lé èmi kúrò ní àdáṣe. Owó-orí ni mo ń bá àwọn oníṣòwò ṣe. Lóòótọ́, òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 gbà kí ẹnì kan ṣoṣo ni kọ́ńpìnì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ du iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n á béèrè ìwé PenCom (àjọ owó ìfẹ̀yìntì), ITF (àjọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́) àti NSITF (àjọ tó ń rí sí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́), pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí owó-orí ọdún mẹ́ta. Ìwé ẹni tó ní òṣìṣẹ́ ni mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan bá pawọ́ pọ̀.

Àmọ́ ẹ má fojú kéré owó oṣù o. Ọ́fíìsì kan jẹ wá lówó títí, nígbà tí wọ́n sì máa san án, wọ́n ti yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fún owó-orí bí òfin ṣe wí. Èwo ló kan ọmọ iṣẹ́ nínú ìyẹn? Láti ìgbà náà, a kì í gba ẹni tuntun àfi tí owó oṣù mẹ́ta rẹ̀ bá ti wà ní báńkì.

Ọmọ Aláàfin

Èmi ti gba ènìyàn rí, mo sì ti padà sí àdáṣe. Mo ń sùn dáadáa. Dókítà, bí ọmọ yẹn bá kó oníbàárà yín lọ ńkọ́?

Dókítà Tí Kì í Ṣe Dókítà

Ó lè kó wọn lọ. Ó wà nínú ìwé àdéhùn wa pé kò gbọ́dọ̀ dá bá oko tó ti ọ̀dọ̀ mi mọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, ṣùgbọ́n ẹni tí adìẹ rẹ̀ ń kú lóru kò ní ka ìwé kó tó pe ẹni tó mọ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé oko tí òun fúnra rẹ̀ bá mú wá, ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣooṣù ibẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ó ti mú ọ̀kan wá láti Ẹdẹ. Ìbátan Alhaja ló ni ín.