Ọmọbìnrin Tó Ń Súfèé Pe Afẹ́fẹ́: Ìrírí Wa Pẹ̀lú Ìtàn Àwọn Ajalèlókun

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìwé kíkà, mo kí yín. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ní kí oníkálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nídìí ìtàn àròsọ àwọn ajalèlókun tí wọ́n ń kọ fún àwọn ọ̀dọ́, èyí tí mo fọwọ́ ara mi kọ ni n ó sọ, nítorí pé ìgbà tí mo ń kọ ọ́ ni mo tó mọ̀ pé àwòrán ọkọ̀ ojú omi lásán ni mo mọ̀, n kò mọ ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Ọmọbìnrin ọdún 15 kan ni olú ẹ̀dá ìtàn mi. Bó bá ti súfèé, afẹ́fẹ́ á dé. Ọ̀rọ̀ yìí ní orísun o: àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ gbà pé ẹni tó bá ń súfèé nínú ọkọ̀ ń pe ìjì ni, ohun tí mo sì ṣe ni pé mo sọ ìgbàgbọ́ yẹn di òtítọ́ nínú ìtàn. Mo kọ orí mọ́kànlá láàárín oṣù mẹ́ta. Inú mi dùn débi pé n kò lè pa á mọ́ra, mo bá kó o fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọbìnrin ọdún 13 tí kì í fi ojú àánú wo ìwé ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ kẹta ló dá a padà. Ó ní, "Àǹtí, ó dùn o. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ̀rù fi ń bà wọ́n nígbà tí ọkọ̀ ọba ń lé wọn? Ṣebí ọmọ yẹn á kàn súfèé ni, wọ́n á sì sá lọ." Mo la ẹnu láti ṣàlàyé, àlàyé kò sí. Bó ṣe ń jáde lọ ló tún bi mí pé, "Nígbà wo tiẹ̀ ni àwọn èèyàn yìí ń sùn?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ gbà mí ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Níkẹyìn, mo pinnu pé afẹ́fẹ́ tí ọmọ náà ń pè kì í ṣe tuntun, ibìkan ló ti ń kúrò wá. Nígbà tí ìgbòkun tirẹ̀ bá kún, ìgbòkun ọkọ̀ mìíràn á rọ jọwọlọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i, ọkọ̀ náà á dúró gbagidi sójú kan, omi mímu inú àgbá á sì máa lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Kò mọ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n ṣàdédé bá ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé, tí wọ́n gun orí rẹ̀ láti jalè, tí wọ́n sì bá àwọn tó kù níbẹ̀ tí ètè wọn ti là, tí wọn kò lè gbé ọwọ́ sókè láti bẹ̀bẹ̀. Ojú ibẹ̀ gan-an ni ìtàn mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo sì ní láti da orí mẹ́fà nù kí n tó débẹ̀.

Ìbéèrè kejì ló gbé mi dé ìdí ìwé àdéhùn àwọn ajalèlókun, ìyẹn òfin tí gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ jọ gbà láti máa tẹ̀ lé. Èyí tí wọ́n kọ nínú ọkọ̀ Bartholomew Roberts, ọ̀gákọ̀ ajalèlókun tí wọ́n pa nítòsí Cape Lopez, ní etíkun Gabon òde òní, ní oṣù Èrèlé ọdún 1722, ló yà mí lẹ́nu jù. Gbogbo àtùpà gbọ́dọ̀ kú ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta tẹ́tẹ́ tàbí káàdì fún owó. Ẹni tó bá sọ ẹsẹ̀ tàbí apá nù lẹ́nu iṣẹ́ yóò gba owó fàdákà 800 láti inú àpò gbogbogbòò, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ló ní ìbò lórí ọ̀ràn tó bá délẹ̀. Ọ̀gákọ̀ tí èmi ń kọ, tó ń jágbe mọ́ gbogbo èèyàn láti òwúrọ̀ dé alẹ́, wọn ì bá ti dìbò yọ ọ́ kí oṣù tó parí! Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àwọn ajalèlókun ìgbà náà, àkókò ìjà àti ìgbà tí wọ́n bá ń lé ọkọ̀ mìíràn nìkan ni ọ̀gákọ̀ lè pàṣẹ láìbi ẹnikẹ́ni.

Bí mo ṣe jẹ́ kí gbogbo atukọ̀ jókòó dìbò bóyá kí ọmọ náà tún súfèé tàbí kó má súfèé mọ́ nìyẹn, lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ ohun tí súfèé rẹ̀ ń ṣe, tí ọkọ̀ ọba sì ti yọ lẹ́yìn wọn. Kò sí ẹni tó fa idà yọ lójú ewé mẹ́rìndínlógún. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù.

* * *

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ti èmi kì í ṣe ti òǹkọ̀wé, òǹkàwé ni mí. Mo wà ní ọmọ ọdún 14 nígbà tí mo ka ìtàn àròsọ ajalèlókun kan tó ní ẹja tó ń sọ̀rọ̀ àti erékùṣù tó ń rìn, mo sì kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n gba ọkọ̀ ńlá kan, wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ dà sí èbúté, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. N kò bi ara mi pé irú ẹrù wo ni.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni mo kà nípa ọkọ̀ Whydah, èyí tí ajalèlókun kan tó ń jẹ́ Samuel Bellamy gbà ní ọdún 1717, tó sì rì ní Cape Cod ní Amẹ́ríkà ní oṣù Igbe ọdún yẹn kan náà. Wọ́n rí àwókù rẹ̀ ní ọdún 1984. Orúkọ Ouidah ló ń jẹ́, ìlú etíkun tó wà ní Benin òde òní, nítorí pé kíkó ẹrú ni wọ́n kàn án fún. Ọkọ̀ tí ajalèlókun mìíràn tó ń jẹ́ Blackbeard fi di olókìkí náà, ọkọ̀ ẹrú àwọn ará Faransé ni, La Concorde ni wọ́n ń pè é kó tó gbà á ní oṣù Bélú ọdún 1717, àwọn èèyàn sì wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ wọn sílẹ̀ fún àwọn Faransé, àwọn yẹn sì kó wọn lọ tà ní Martinique.

Mo padà lọ ṣí ìwé mi àtijọ́ sí gbólóhùn yẹn. "Ẹrù" ṣì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ṣì fẹ́ràn erékùṣù tó ń rìn, n kò lè purọ́, ṣùgbọ́n n kò lè ka ojú ewé yẹn kọjá mọ́ láìdúró.

* * *

Kí n fi díẹ̀ kún un. Nínú ọkọ̀ Whydah kan náà ni ọmọ kan wà tó ń jẹ́ John King, tí kò tíì pé ọdún 12, tó fi dandan lé e pé òun yóò bá àwọn ajalèlókun lọ nígbà tí wọ́n gba ọkọ̀ tí òun àti ìyá rẹ̀ wọ̀. Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi ọkùnrin nígbà tó ń ráhùn pé kò sí bí ọmọdé ṣe lè wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

* * *

Èmi tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni mo padà dé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí orí keje ìwé mi ni. Àwọn atukọ̀ mi gba ọkọ̀ kan níbẹ̀ pẹ̀lú, mo sì kọ ọ́ pé "wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀." Mo ti pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti jókòó tì í, n kò sì tíì mọ ohun tí n ó kọ dípò rẹ̀.