Ṣéènì ajá kẹta rèé tó já láàárín oṣù mẹ́jọ, kí ni kí n rà tí òjò àti atẹ́gùn òkun ò ní jẹ?

ÌyáṢadé_Àjà:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn torí ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ní ajá Boerboel kan, akọ ni, ọmọ ọdún mẹ́ta, á tó kílò 60, ìta ló ń gbé. Tá a bá ti ti géètì lálẹ́ a máa tú u sílẹ̀, tílẹ̀ bá mọ́ a so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀ torí àwọn ọmọ tó ń wá pọn omi ní ọgbà wa. Ẹ̀yìn Àjà là ń gbé, òkun ò jìnnà sí wa rárá, atẹ́gùn yẹn ń gbé iyọ̀ wá débi pé páànù òrùlé wa gan-an ti ń jẹ. Lọ́jọ́ Sátidé òjò ń rọ̀, mo kàn gbọ́ igbe ni, kí n tó jáde ajá ti dé ẹnu géètì, ọmọ aládùúgbò wa ti gun orí ọkọ̀. Kò bù ú jẹ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n títí di alẹ́ ni ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Ẹni tó ta ṣéènì náà ní ó nípọn, ó sì nípọn lóòótọ́, ó ń dán bíi sílífà. Kí ni kí n rà báyìí? Ṣé okùn ni àbí ṣéènì àbí wáyà?

Wẹ́dà_Ṣàgámù:
Àǹtí, ẹ kú ewu ọmọ yẹn o. Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná, ibo gan-an ló ti já? Ṣé àárín ṣéènì ni àbí ibi húùkù tó kọ́ kọ́là?

ÌyáṢadé_Àjà:
Húùkù ni sà. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, húùkù ni, ìgbà tẹ́ ẹ bi mí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó. Ṣéènì fúnra ẹ̀ ò já, ó kàn pupa ni. Mo mú húùkù ọ̀hún dání báyìí, ojú ibi tó kán dúdú díẹ̀ bí eérú, ó rí hóró-hóró bíi ṣúgà, ibi tá a máa ń fi àtàǹpàkò fà sẹ́yìn yẹn ti há mọ́lẹ̀ pẹ̀lú iyanrìn.

Wẹ́dà_Ṣàgámù:
Mo fura bẹ́ẹ̀. Nǹkan tẹ́ ẹ rí bíi ṣúgà yẹn kì í ṣe irin, síńkì ni wọ́n yọ́ tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù, irú ẹ̀ kì í tẹ̀ kó tó kán, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń já síni lọ́wọ́. Ajá kílò 60 tó sáré tó sì dé òpin ṣéènì lójijì, agbára tó fi fà á ju kílò 60 lọ dáadáa. Torí náà ẹ má lọ ra ṣéènì tó tún nípọn ju èyí lọ, ọrùn ajá lẹ kàn máa fi wọ́n lulẹ̀, èyí tó nípọn tó mílímítà 5 ti tó o.

Ẹ gbé máńẹ́ẹ̀tì kékeré dání tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́jà. Ṣéènì tó ń dán tí máńẹ́ẹ̀tì sì gbá mú gírígírí, irin lásán ni wọ́n fi níkẹ́lì bò. Stainless gidi, ìyẹn irin tí kì í tètè dógùn-ún, máńẹ́ẹ̀tì kì í sábà gbá a mú. Oríṣi stainless méjì ni 304 àti 316, ẹ bi wọ́n èwo ni, torí 316 ni èròjà tí wọ́n ń pè ní molybdenum wà nínú ẹ̀, òun ni wọ́n ń lò lára ọkọ̀ ojú omi, iyọ̀ ò tètè rí i gbé ṣe. Tówó ò bá ká a, ẹ ra galvanised, ìyẹn irin tí wọ́n rì bọ inú síńkì gbígbóná, àwọ̀ ẹ̀ máa ń rí bí eérú, kì í dán, òun náà á gbìyànjú ṣùgbọ́n lẹ́bàá òkun níbẹ̀ yẹn ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà kankan jó galvanised fún yín o, iná máa jó síńkì yẹn kúrò, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dógùn-ún, èéfín ẹ̀ sì ń ṣe èèyàn ní àìsàn.

Húùkù ńkọ́, èyí tó ní nọ́ọ̀tì téèyàn ń yí dé ni kẹ́ ẹ wá, stainless náà ni.

Alájá_Ìbàdàn:
Gbogbo ohun tí bọ̀dá wẹ́dà sọ pátá ni mo fọwọ́ sí, àmọ́ ẹ fi irin tó ń yí lórí ara ẹ̀ síbi méjì, ọ̀kan lápá ọrùn, ọ̀kan nílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ṣéènì á lọ́ pọ̀ títí ajá ò fi ní lè dórí omi ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má so ó níbi tí ṣéènì á ti lè gbé e dórí fẹ́ǹsì. Mo ní Alsatian kan nígbà kan, ológbò gba orí fẹ́ǹsì kọjá, ajá mi fò tẹ̀ lé e, ṣéènì ò sì gùn tó ilẹ̀ lódìkejì. Ìgbà tá a máa fi débẹ̀ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Títí dòní mi ò lè so ajá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Kọ́là awọ náà ò da lójò, ó ń mu omi, kì í tètè gbẹ, abẹ́ ẹ̀ á máa rà, eṣinṣin á bà síbẹ̀, ìdin á dé. Ẹ ra oníròbà tó fẹ̀, ìka yín méjì gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa tú u wò. Èyí tó máa ń fún mọ́ ọrùn tí ajá bá fà á, ẹ má fi so ó sílẹ̀ láéláé.

Ọmọ_Houston:
Níbí ní Texas òfin ti ka ṣéènì léèwọ̀ fún ajá tá a so síta tí kò sẹ́ni lọ́dọ̀ ẹ̀, láti ọjọ́ 18 oṣù kìíní 2022. Ohun tẹ́ ẹ bá fi so ó gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10, tàbí ìlọ́po márùn-ún gígùn ajá láti imú dé ìdí ìrù, èyí tó bá gùn jù. Ibòji, ilé àti omi tó ṣe é mu náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wáyà tí wọ́n fi ike bò ni mò ń lò, ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹ máa fọwọ́ pa á látòkè délẹ̀, tí ike yẹn bá là níbì kan omi á wọlé, wáyà á máa jẹ nínú láì hàn síta. Okùn ní tiẹ̀, oòrùn ń sọ oníke di ẹlẹgẹ́, nylon ń mu omi, eyín ajá sì ń parí méjèèjì.

ÌyáṢadé_Àjà:
Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo ti pinnu, mò ń lọ sí ọjà Owódé Onírin lọ́jọ́ Tọ́sìdé, máńẹ́ẹ̀tì ti wà nínú báàgì mi. Bọ̀dá wẹ́dà, kí ni kí n wá so ìdí ẹ̀ mọ́? Ara ilé ẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀, ó sì ti ń fa pákó yọ.

Wẹ́dà_Ṣàgámù:
Ẹ tẹ ọ̀pá irin mílímítà 12 bíi lẹ́tà U, kẹ́ ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì láàárín ọgbà, kó jìnnà sí fẹ́ǹsì, sí igi àti sí ọkọ̀ yín. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ U yẹn síta nísàlẹ̀ kó má baà fà yọ, kẹ́ ẹ wá da kọnkéré sí i. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kó gan kẹ́ ẹ tó so ajá mọ́ ọn. Kẹ́ ẹ tó wá parí ẹ̀, ẹ sọ fáwọn ọmọ yẹn kí wọ́n máa pọnmi níta géètì ná.