Omi gbígbóná nínú ife amọ̀: kí ni kí n kọ nípa gíráàfù tó tẹ̀ yìí?

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà. Ìwádìí físíìsì SS2 ni. Mo da omi gbígbóná 200 ml sínú ife amọ̀ Ìṣàn-Èkìtì, mo sì ń ka tẹmómítà ní ìṣẹ́jú 10-10. Yàrá jẹ́ 28°C. Ohun tí mo kà: 80, 67, 61, 49, 44. Gíráàfù tẹ̀, 61 sì ta yọ. Ṣé kí n yọ ọ́ ni? Kí ni mo tún lè kọ ju "omi ń tutù" lọ?

Tíṣà_Adó: Má fi rúlà fa ìlà gbọọrọ gba àárín wọn o. Bí omi bá ṣe gbóná ju yàrá lọ tó ló ṣe ń yára tutù tó. Yọ 28 kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: 52, 39, 33, 21, 16. Wá fi èyí tó ṣáájú pín èyí tó tẹ̀ lé e. Wàá rí 0.75, 0.85, 0.64, 0.76. Ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí bára mu: ní ìṣẹ́jú 10-10, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ooru tó fi ju yàrá lọ ló ń ṣẹ́ kù. Kọ ìyẹn sílẹ̀. Méjì àárín ló dàrú, ọ̀kan lọ sókè, ọ̀kan wálẹ̀, torí 33 wà nínú méjèèjì. Fi 57 sípò 61 wò: 0.74, 0.72. Àyẹ̀wò lásán ni o, má kọ 57 sínú tábìlì! Yọ 61 kúrò nínú ìṣirò.

Láàbù_Ìkọ̀lé: Òótọ́ ni tíṣà sọ, àmọ́ má pa á rẹ́. Jẹ́ kó wà lórí gíráàfù, fa òdo yí i ká, kọ ìdí rẹ̀. Bóyá o kò ro omi kó o tó kà á ni (òkè máa ń gbóná ju ìsàlẹ̀), tàbí ojú rẹ kò bá ìlà tẹmómítà dọ́gba. Tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, omi 200 ml, láti 80°C, kó o mú ìpíndọ́gba. Máa kà á ní ìṣẹ́jú 2-2. Nọ́mbà márùn-ún kéré jù.

Ife yẹn gan-an tún ní tiẹ̀. Amọ̀ tí wọn kò kùn ní nǹkan tó ń dán máa ń mu omi, omi á jáde lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé e, á sì kó ooru lọ, pàápàá nígbà ọyẹ́. Omi lè tutù kọjá 28. Bí ìpín rẹ bá ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dópin, ife ni, kì í ṣe àṣìkà. Bó bá kéré níbẹ̀rẹ̀ tó wá ń gòkè, èéfín omi gbígbóná tó ń jáde lẹ́nu ife ni: fi ìdérí dé e. Ṣe ti ife ike lọ́jọ́ kan náà kó o lè fi wé e.

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé lọ́ọ̀gì lè sọ ọ́ di ìlà gbọọrọ?

Tíṣà_Adó: Bẹ́ẹ̀ ni. Tẹ "ln" (irú lọ́ọ̀gì kan) lórí calculator fún 52, 39, 33, 21 àti 16, kì í ṣe "log": 3.95, 3.66, 3.50, 3.04, 2.77. Yà á pẹ̀lú àkókò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ (2.77 − 3.95) ÷ 40, nǹkan bí −0.03 ní ìṣẹ́jú kan. Bẹ̀rẹ̀ ìlà òòró láti 2.5, bó o bá bẹ̀rẹ̀ láti òdo, gbogbo wọn á kóra jọ sókè.