"Ìfarapamọ́" kọ́: "ara" inú ọ̀rọ̀ yẹn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àárọ̀ o.

Bùrọ̀dá wa tó ń túmọ̀ ètò Mastodon, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí ayélujára, sí Yorùbá ti mú "ìfarapamọ́" wá fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní privacy, ìyẹn ká má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹni di ti gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ nínú yín sì ti kan sáárá sí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ tèmi kúrò.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀: ì-fi-ara-pa-mọ́. Mi ò bá "pamọ́" jà. À ń fi owó pamọ́, à ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ síkùn, kò sẹ́ni tó máa bú wa sí i. "Ara" yẹn ni ìjà mi wà fún. Bí "ara" bá ti wọlé, èèyàn fúnra ẹ̀ ló di ẹrù, òun náà ló sì ń gbé e pamọ́. Ta wá ló ń fara pamọ́ nínú èdè wa? Olè tí wọ́n ń lé. Ajigbèsè tó gbọ́ ohùn olówó lẹ́nu ọ̀nà. Ádámù, lẹ́yìn tó jẹ èso tán. Eré bojúbojú pàápàá, Olórò ni àwọn ọmọ ń para mọ́ fún. Ẹ wá fẹ́ kọ "Ìfarapamọ́ rẹ" gàdàgbà sórí àkáǹtì ẹni tí kò ṣe ju pé kò fẹ́ kí ilé iṣẹ́ ìpolówó máa tẹ́tí sí ohun tó ń bá àbúrò ẹ̀ sọ? Ẹ ti sọ ọ́ di ìsáǹsá. Ohun tí àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ wa ṣòwò sì ń wí gan-an nìyẹn: ẹni tí kò bá ṣebi, kí ló ń fi pamọ́? Ọ̀rọ̀ yín ti gbè sẹ́yìn wọn kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó tún bí mi nínú jùyẹn lọ ni pé ọ̀rọ̀ náà parọ́ nípa iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Kò sí ẹni tó lè dá fara ẹ̀ pamọ́ lórí Mastodon. Láti 2016 tí Eugen Rochko ti gbé e jáde ní Jámánì, sáfà kéékèèké, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn, ló pín sí, kálukú pẹ̀lú alábòójútó tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀, orí sáfà ló jókòó sí gbalaja, kò sí kọ́kọ́rọ́ lára ẹ̀, alábòójútó tó bá fẹ́ kà á yóò kà á. Ètò náà fúnra ẹ̀ ń kìlọ̀ fún yín níbi tí ẹ ti ń kọ ọ́. Bí ẹ bá sì ń bá ọ̀rẹ́ yín sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, tí ẹ dárúkọ ẹlòmíràn pẹ̀lú àmì @ níwájú orúkọ ẹ̀, ẹni tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn náà á rí i gbà. (Àwọn tó ti ṣe é rí wà láàárín wa. Wọn ò ní sọ.)

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àwọn ọlọ́pàá FBI lọ tú ilé ọ̀kan lára àwọn alábòójútó Kolektiva, ọ̀kan nínú àwọn sáfà Mastodon, ní Amẹ́ríkà, lórí ọ̀ràn tí kò kan sáfà náà rárá. Ẹ̀dà dátà sáfà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, tí wọn ò fi kọ́kọ́rọ́ dì, bá ẹrù lọ. Àwọn tó ní àkáǹtì níbẹ̀, wọn ì báà fara pamọ́ sínú ihò ilẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe fún wọn? Ọwọ́ ẹlòmíràn ni àṣírí wọn wà.

Ìdí tí mo fi ní ká lo "ìpàṣírímọ́" nìyẹn. Pa àṣírí mọ́: gbólóhùn yẹn ń béèrè ẹni tó pa á mọ́, kò sì dá ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Ẹ gbọ́ àwọn àgbà nígbà tí wọ́n bá ń ṣàdúrà, wọ́n á ní kí Ọlọ́run bò wá láṣìírí. Èmi ò tíì gbọ́ èyí tó ní kí Ọlọ́run jẹ́ ká ríbi fara pamọ́ sí tí kì í ṣe pé ogun ń lé e bọ̀. Ìyá tó bí bàbá mi, bó bá fẹ́ yin èèyàn dé góńgó, á ní "ó ṣeé finú hàn." Àwọn tó ń ṣètò sáfà ní láti gbọ́ irú Yorùbá bẹ́ẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa kọ lẹ́tà sí wa pé "àṣírí" kì í ṣe Yorùbá, pé ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ló ti wá, tó gba ọ̀dọ̀ Haúsá kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àlàáfíà ńkọ́? Àdúrà ńkọ́? Ẹ fi méjèèjì kí wa nínú lẹ́tà yẹn kan náà kí ẹ tó máa lé "àṣírí" jáde nílé. Ọ̀rọ̀ tó ti bá "bò" gbé, tó bá "tú" gbé, ti di onílé. Ẹ tún rán wa létí pé ẹ ti ń kọ́ni ní gírámà kí wọ́n tó bí àwa kan. Mo dọ̀bálẹ̀, sà. "Ara" ṣì wà nínú "ìfarapamọ́".

Àǹtí tó ní "ìgbẹ́kẹ̀lé" àti "ìfọkàntán" ò yàtọ̀, ká mú èyí tó bá wù wá fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní trust: wọ́n yàtọ̀, mà. Mo lè gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí mi ò fọkàn tán, bí mi ò bá ríbòmíràn lọ. Ní 2018, Facebook fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ìsọfúnni nípa àwọn èèyàn tó lè tó mílíọ̀nù 87 ti bọ́ sọ́wọ́ Cambridge Analytica, ilé iṣẹ́ tó ń fi irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún àwọn olóṣèlú. Ọ̀pọ̀ ṣì wà níbẹ̀ torí pé ibẹ̀ ni ẹbí àti ọ̀rẹ́ wọn wà. Ọkàn wọn ò sí níbẹ̀ mọ́. Orí sáfà kékeré ni ọ̀rọ̀ ọkàn ti wọ̀ ọ́, nítorí a mọ ẹni tó ń bójú tó o, a lè bi í pé ta ló ń sanwó ẹ̀, ìgbà wo ló sì ń pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́. Ti Signal, ètò tí a fi ń ránṣẹ́ síra wa lórí fóònù, tún yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n fi ìwé ilé ẹjọ́ pè wọ́n ní Amẹ́ríkà ní 2016 pé kí wọ́n kó ohun tí wọ́n mọ̀ nípa oníbàárà kan wá, ọjọ́ tó ṣí àkáǹtì àti ọjọ́ tó wọlé kẹ́yìn nìkan ni wọ́n rí kó sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ tó rán ò sí lọ́wọ́ wọn. Fún irú ìyẹn, "ìgbẹ́kẹ̀lé" tó. "Ìfọkàntán" ti pọ̀ jù.

Ẹ má sì gbé "àdáni" padà wá fún privacy. Ilé ẹ̀kọ́ àdáni, mo gbọ́. "Bá mi pa àdáni mi mọ́" ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ sókè létí ọmọdé kan, kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀.

Bùrọ̀dá, gbólóhùn kan péré ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín, ì báà jẹ́ lẹ́nu àgbà tàbí lẹ́nu ọmọdé, níbi tí ẹni tó fara pamọ́ ò ti ní ohun tó ń sá fún. Kí ẹ tó rí i, mo ti lọ fi "Ìpàṣírímọ́" rọ́pò tiyín nínú iṣẹ́ náà, mi ò sì ní dá a padà.