Ṣé àwọn ọdẹ bífà ló tẹ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà dó lóòótọ́?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní àwọn tó ń pa bífà, ẹran tó máa ń fi igi sé odò yẹn, ló la ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà kí àgbẹ̀ tó débẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń mú un láì ba irun rẹ̀ jẹ́? Kí ló sì kan awọ ẹran nínú ọ̀rọ̀ ìtẹ̀dó?

Ọ̀nà_Odò: Ẹ jẹ́ kí n mú ti tàkúté. Irin ni, ó wúwo tó pọ́n-ùn 5, ṣéènì rẹ̀ sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Inú omi ni ọdẹ máa ń gbà dé ibẹ̀ kí òórùn rẹ̀ má baà wà ní bèbè. Á gbé tàkúté sínú omi tí kò jìn ju íǹṣì 4 lọ, á na ṣéènì sí ọ̀nà ibú, á wá fi òpó igi gbígbẹ kàn án mọ́lẹ̀. Ìjẹ ibẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ o. Oje olóòórùn tí wọ́n yọ lábẹ́ ìrù bífà mìíràn ni, wọ́n á fi ra ẹ̀ka igi tó yọrí lókè tàkúté. Bí ẹran náà bá ti na imú sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí i nìyẹn. Ibú ló máa ń sá sí, irin á sì fà á mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú sómi. Irun rẹ̀ kò ní àbùkù kankan.

Ìdè ṣéènì ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Bó bá wà níbi tí omi ò ti jìn, bífà á gé ẹsẹ̀ tó há, á lọ. Bí òpó bá sì jẹ́ igi tútù, á jẹ ẹ́ ni, nítorí oúnjẹ rẹ̀ ni.

Wọ́n á na awọ náà sórí ẹ̀ka igi wílò tí wọ́n ká bí òbìrípo, wọ́n á ha ọ̀rá rẹ̀ kúrò dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á jẹrà. Irun kúkúrú tó wà lábẹ́ ni oníṣòwò ń wá: ó ní ìkọ́ wínníwínní tó ń so ó mọ́ra, òun ni wọ́n fi ń ṣe àkẹtẹ̀ ní Yúróòpù nígbà náà.

Akàtàn: Ọ̀rọ̀ ìtẹ̀dó, ọ̀nà ni ẹ máa wò. Lọ́dún 1825, William Ashley, oníṣòwò awọ, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọjà lọ bá àwọn ọdẹ lórí òkè Rocky lọ́dọọdún, kí wọ́n má baà máa padà sí ìlú St. Louis. Ọjà yìí ló sọ ipa ẹsẹ̀ di ọ̀nà. Jedediah Smith, ọdẹ bífà, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti gba South Pass, àlàfo kan láàárín òkè Rocky, kọjá ní 1824. Ní 1830, kẹ̀kẹ́ ẹrù 10 tí ìbaaka ń fà dé ẹ̀bá odò Wind. Ìgbà yẹn ló hàn pé táyà onígi lè dé ibẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì bá ọ̀wọ́ ọlọ́jà awọ rìn ní 1836, tìyàwó tìyàwó.

Lẹ́yìn náà ni àkẹtẹ̀ sílíìkì gbòde, bífà sì ti ń tán lódò. 1840 ni wọ́n ná ọjà orí òkè kẹ́yìn. Kí ni ọdẹ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á ṣe? Thomas Fitzpatrick di amọ̀nà fáwọn tó ń ṣí lọ ní 1841. Jim Bridger kọ́ Fort Bridger ní 1843, ó ń ta ọjà fún wọn, ó sì ń tún kẹ̀kẹ́ wọn ṣe.

Ìwé_Ayé: Òótọ́ ni, àmọ́ "tẹ̀dó" yẹn ò tọ́ sí mi létí. Ilẹ̀ náà ti ní onílẹ̀: àwọn ẹ̀yà Crow, ọmọ onílẹ̀, ló júwe South Pass fún Smith. Ọkọ̀ ojú omi ilé iṣẹ́ awọ kan ló gbé ìgbóná, ìyẹn àrùn ṣọ̀pọ̀ná, gòkè odò Missouri ní 1837, díẹ̀ ló kù kó pa àwọn ẹ̀yà Mandan run.

Kì í sì í ṣe gbogbo ọdẹ ló la ọ̀nà. Hudson's Bay Company, ilé iṣẹ́ awọ àwọn ará Bìrìtìkó, rán Peter Skene Ogden sí agbègbè odò Snake kó lọ pa bífà ibẹ̀ tán, kí àwọn ará Amẹ́ríkà má baà rídìí débẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó dé lẹ́yìn náà kò bá ti bífà wá, ilẹ̀ oko ni wọ́n ń wá.