Ẹ gbà mí o: kásẹ́ẹ̀tì orin Ọ̀kun ń bàjẹ́ lọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kábà, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo ti ń ṣe rédíò kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orin ilẹ̀ Ọ̀kun nìkan la máa ń gbé síbẹ̀: ti Ọ̀wẹ́, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú. Torí dátà wọ́n, 64 kbps (ìwọ̀n dátà tó ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni mo fi ń gbé e jáde. Wákàtí kan ń jẹ olùgbọ́ ní nǹkan bíi MB 29. Ìyẹn ṣì rọrùn.

Kásẹ́ẹ̀tì àwọn àgbà ló ń kó ìdààmú bá mi. Àwọn kan ti bu, téèpù inú wọn ń lẹ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó kọrin náà ti di ará ọ̀run. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń nù ún láì ba ohùn jẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì fọwọ́ kan èyí tó kù.